Aláwàdà Nínú Ìṣẹ̀ṣe: Ẹ̀fẹ̀, Apidán àti Ẹ̀rín Tó Ń Tún Ìlú Ṣe

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà. Ìbà ẹ̀yin ìyá wa.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ ìṣẹ̀ṣe máa ń bi mí ní ìbéèrè kan: ṣé kì í ṣe àìbọ̀wọ̀ fún òrìṣà ni kí ènìyàn gbé eégún, kó wá máa ṣe bí ọ̀mùtí tàbí bí òmùgọ̀ lójú agbo? Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ ẹ̀sìn gan-an ni. Aláwàdà wa ti júbà kó tó ya ẹnu. Ìbà yẹn ló fún un láṣẹ láti sọ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ.

Òmùgọ̀, aláwàdà àti ẹlẹ́fẹ̀

Èdè wa kò da àwọn mẹ́ta yìí pọ̀. Òmùgọ̀ ni ẹni tí òye rẹ̀ kò tó, tàbí tó ní òye tí kò lò ó. Aláwàdà mọ̀ọ́mọ̀ ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni. Ní ti ẹlẹ́fẹ̀, àwàdà rẹ̀ ní ẹni tó ń bá wí.

Àwọn kan máa ń ka Èṣù mọ́ wọn nítorí ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tó fi fìlà aláwọ̀ méjì dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìránṣẹ́ Olódùmarè ni Èṣù, òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ. Ohun tí ìtàn fìlà náà ń kọ́ wa ni pé ẹni tó rí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ kò tíì rí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ náà ń lo ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ipò Èṣù yàtọ̀ sí tiwọn.

Òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ní Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìlaró àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń tu àwọn ìyá wa lójú, kí agbára wọn lè ṣe wá ní rere. Ìtàn kan sọ pé Yewájọbí ń wá ọmọ. Ó dá Ifá, wọ́n ní kó rúbọ, kó gbé ère igi lérí, kó sì so irin mọ́ ẹsẹ̀ jó. Ó bí ọmọkùnrin kan tó kún fún àwàdà, wọ́n pè é ní Ẹ̀fẹ̀. Ó bí obìnrin tẹ̀ lé e, ó sanra, wọ́n pè é ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ tó ń pani lẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ẹbọ yẹn.

Ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìyá ti ní àṣẹ. Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, ọ̀sán ni ti ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní Kétu, àwọn agbéji kan máa ń ṣáájú: Arábì Ajígbálẹ̀ a tún ojú agbo ṣe, Tètèdé a sì pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ jáde. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá dé, kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bú ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó ní láti júbà àwọn òrìṣà, àwọn ìyá àti àwọn àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ló lè kan olóyè tó jẹ owó ìlú, ọkọ tó ń lu aya tàbí ọmọ tó kọ òbí sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ohun tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá sọ lóru náà, ẹnikẹ́ni kì í tìtorí rẹ̀ bá a jà.

Mo rí agbára rẹ̀ nínú ilé tiwa. Mọ̀lẹ́bí wa kan jẹ opó kan ní gbèsè, ó sì ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la. Gbogbo ẹbí bá a sọ ọ́, kò gbọ́. Ní òru Ẹ̀fẹ̀ ọdún náà, wọ́n fi ìrìn rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, bí ó ṣe máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí opó náà má bàa rí i. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo dìde. Bàbá àgbà fa aṣọ mi: "Jókòó, ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀rín ni wọ́n ṣì fi ń sọ ọ́. Ṣé ìgbà tí wọ́n bá fi èpè sọ ọ́ lo fẹ́ gbọ́?" Kí ọjà tó tún ná, gbèsè náà ti wọlé.

Lọ́dún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì fún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ó ti ń gba owó opó.

Apidán: eégún tó ń ṣe bí ènìyàn

Ìtàn so eégún alárìnjó, tí a tún ń pè ní apidán, mọ́ ìdílé Ológbojò ní Ọ̀yọ́. Ìjúbà ló ń ṣáájú níbẹ̀ náà, ijó á tẹ̀ lé e, idán á sì dé: eégún á di òjòlá, á di ọ̀nì. Lẹ́yìn náà ni yẹ̀yẹ́. Ọ̀mùtí á jáde, Tápà á jáde, Òyìnbó onímú ṣóńṣó náà á jáde.

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wo irú eré yìí ní Ọ̀yọ́ Ilé. Òjòlá jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan jáde tí ara rẹ̀ funfun, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀, tó ń fín áṣáà, tó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Òyìnbó bíi Clapperton ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, lójú òun fúnra rẹ̀. Àwọn òǹwòran ń bi í bóyá ó dára. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe. Àlejò tó wá wo ilẹ̀ wa ti di ẹni tí a ń wò.

Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá (1936–2018), fi jígí ojú àti táì ràgàjì ṣe yẹ̀yẹ́ ahun àti ojúkòkòrò, iṣẹ́ òṣèré ni tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sìn. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ apidán yóò mọ ojú ọ̀nà tó gbà wá.

Ọgbọ́n tó wà lẹ́nu ẹni tí a kò kà sí

Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó sì fẹ́ gbé e kọ́ orí igi. Ó so ó mọ́ àyà, kò wá lè gùn ún. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ní kó gbé e sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Ìjàpá ti mọ̀ pé ọgbọ́n ṣì kù níta. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ni ìlú fi ń rántí èyí lọ́dọọdún.

Ní Brazil, nínú Candomblé, àwọn ìyàwó òrìṣà a máa bọ́ sí ipò kan tí wọ́n ń pè ní *erê*. Wọ́n á ṣe bí ọmọdé, wọ́n á ṣeré, wọ́n á sì sọ òótọ́ tí àgbà ń gbé mì. Ẹ̀rín kò kúrò nínú ẹ̀sìn nígbà tí ẹ̀sìn sọdá òkun.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí

Ohun méjì ń ba ẹ̀fẹ̀ jẹ́ lónìí. Àwọn kan fẹ́ kí ìṣẹ̀ṣe le koko kí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn lè bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n sì ń lé ẹ̀rín jáde. Àwọn mìíràn ń fi fóònù ká yẹ̀yẹ́ nìkan, wọ́n á gé ìbà dànù, wọ́n á jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èébú lásán ló máa ń dà lójú ẹni tó bá rí i níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wo Ẹ̀fẹ̀, ẹ tètè dé. Ẹ gbọ́ ìbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yọ fóònù. Bí wọ́n bá sì dárúkọ yín, ẹ má fèsì. Ẹ bá àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, kí ẹ lọ tún nǹkan náà ṣe nílé.

Àṣẹ.