Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Ń Jò Kó Tó Dé Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá

Èrò kan ti rinlẹ̀ láàárín wa: bí ọ̀gá àgbà kò bá mọ ohun tó ń lọ níbi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló ya olórí kunkun, ó sì yẹ kí wọ́n yan alábòójútó sí i lé wọn lórí. Èrò náà kò tọ̀nà, ó sì léwu.

Ní 1967, Oliver Williamson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí ìpele àṣẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ọ̀gá ń dín kù, kódà níbi tí kò ti sí ọlọ̀tẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gé e kúrú kó tó gbé e lọ sókè. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pàdánù 10 nínú 100 ọ̀rọ̀ tó gbà. Lẹ́yìn ẹni márùn-ún, nǹkan bí 59 ló kù. Ẹ fi alábòójútó méjì kún wọn, ó di 48.

Bí àpẹẹrẹ, ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1986, ọkọ̀ Challenger tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú fọ́ yángá, èèyàn méje sì kú. Lálẹ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà Thiokol, iléeṣẹ́ tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó má gbéra bí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 53 ti Fahrenheit lọ, torí òtútù ń mú rọ́bà tó dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà le. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, 36 ni. Àwọn ọ̀gá NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ni ọkọ̀ náà, tó wà ní Huntsville ta ko àmọ̀ràn náà, àwọn ọ̀gá Thiokol sì yí ohùn padà. Ìpele kẹta láti òkè ni àwọn ará Huntsville wà, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ tó ti yanjú lọ́dọ̀ àwọn kò di ti òkè mọ́. Ìpele kejì kò gbọ́. Jesse Moore, tó wà ní ìpele kìíní tó sì ni àṣẹ ìkẹyìn, kò gbọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹnì kan ló rú òfin. Àmọ́ Diane Vaughan, onímọ̀ nípa àwùjọ, yẹ àkọsílẹ̀ NASA wò fínnífínní, ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1996 sì fi hàn pé ìlànà iṣẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn tó fúngun mọ́ Thiokol. Alábòójútó mìíràn láàárín Huntsville àti Moore kì bá tí gba ẹnikẹ́ni là. Ọ̀nà tí ẹnjiníà ì bá fi bá Moore sọ̀rọ̀ tààrà, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ni kò sí.