Ìtàn Àwọn Àká Ètò Ọ̀fẹ́ fún Ìmọ̀ Ìríran Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò láti Ìwó

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ìtàn àwọn àká ètò tí à ń lò láti kọ́ni, àti láti ṣèwádìí, nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wo àwòrán tí ó sì ń dá ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ̀. Àká tí a ń wí yìí ni àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú lò láìtún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. A sábà máa ń gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n, a kì í sì í bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní èrò tiwa, ọ̀rọ̀ “ọ̀fẹ́” yìí gba àlàyé, pàápàá fún ẹni tó ń kàwé ní Ìwó, níbi tí Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 2002 lórí ilẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi àtijọ́. Ọdún méjì péré ṣáájú ìgbà náà ni a kọ́kọ́ gbé OpenCV, àgbà nínú àwọn àká wọ̀nyí, jáde fún aráyé. Yunifásítì náà àti àká náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́.

Ní 1999 ni ilé-iṣẹ́ Intel ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ OpenCV. Gary Bradski, tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ti ṣàkíyèsí pé ní àwọn yunifásítì ńlá bíi MIT, kóòdù máa ń ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, bí irinṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ ní ilé alágbẹ̀dẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun a bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹni ìṣáájú dé. Ẹni tí kò sí nínú irú agbo bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi ọdún rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí a ti ṣe rí. Àwọn òṣìṣẹ́ Intel ní Nizhny Novgorod, ní Rọ́ṣíà, tí Vadim Pisarevsky wà lára wọn, ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní 2006. Kì í ṣe àánú nìkan ló wà níbẹ̀ o. Iṣẹ́ ìríran máa ń gba agbára kọ̀ǹpútà púpọ̀. Bí àwọn tó ń ṣe é bá ṣe pọ̀ tó ni ọjà Intel yóò ṣe tà tó.

Ìwé-àṣẹ BSD tí a fi gbé e jáde, tí Apache 2 wá rọ́pò ní 2020, fún ẹnikẹ́ni láyè láti kà á, láti yí i padà, àní láti tà á. Níhìn-ín ni ó ti yàtọ̀ sí MATLAB, tí a ń fi owó rà, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó rà á. Ìwó ni ilé odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa pe orúkọ iṣẹ́ láìmọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, kí kóòdù wà ní gbangba kò túmọ̀ sí pé ó di òmìnira pátápátá. Ẹ jẹ́ kí a wo SIFT, ọgbọ́n tí David Lowe ti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà gbé jáde ní 1999, tí a fi ń mọ ohun kan náà nínú àwòrán méjì bí a tilẹ̀ yí i tàbí sún un jìnnà. Ní oṣù kẹta 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ olùṣàwárí lórí rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú OpenCV wá yà á sọ́tọ̀ sí apá tí wọ́n pè ní aláìlómìnira. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà parí ní oṣù kẹta 2020 ni wọ́n tó gbé e wọ àárín àká náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko!

Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí: Stéfan van der Walt, nígbà tó wà ní Yunifásítì Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, ló bẹ̀rẹ̀ scikit-image ní 2009.

Ìbéèrè tó le jù ni ti àwòrán. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ètò ìdáojúmọ̀ mẹ́ta wò. Àṣìṣe wọn lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ fífúyẹ́ kò ju 0.8% lọ, lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7%. Ètò títà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò sì gbọdọ̀ di ẹ̀bi wọn ru àká ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n àìtó àwòrán àwọn ènìyàn bíi tiwa kò mọ títà yàtọ̀ sí ọ̀fẹ́.

Ìdàkejì rẹ̀ ni iṣẹ́ 2017 tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì ìpínlẹ̀ Pennsylvania àti IITA, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ṣe lórí àrùn ẹ̀gẹ́. TensorFlow, tí Google ti sọ di ọ̀fẹ́ ní 2015, ni wọ́n lò. Ẹ̀dà wọn tó dára jù sì tọ̀nà ní 93% lórí àwòrán tí kò rí rí. Oko Tanzania ni wọ́n ti ya àwọn ewé náà. Bí Ìbàdàn ti súnmọ́ Ìwó tó, ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí wá sí oko Ìwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lọ sí oko náà. Títí di ìgbà náà, ti Tanzania ni 93% yẹn.