Ratify: Ta Ni Kò Tíì Gbà?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la fẹ́ tú wò lónìí: ratify. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn rédíò ní Adó-Èkìtì níbí, ó ti máa kọjá létí yín. Wọ́n á ní ilé aṣòfin fẹ́ ratify nǹkan, tàbí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò tíì ratify àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pè é ní rectify, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìbejì. Rectify ni kí á tún ohun tó wọ́ ṣe. Ratify ni kí á fi òǹtẹ̀ lu ohun tí ẹlòmíì ti bá wa sọ, kí ó lè di tiwa pátápátá.

Láti inú èdè Látìn ló ti wá: ratus, ohun tí a ti pinnu, facere, láti ṣe. Yorùbá náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Buwọ́ lùwé yàtọ̀ sí fi òǹtẹ̀ lù. Ẹni tí a rán níṣẹ́ lè buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n ẹni tó rán an ló ń ratify. Ààrẹ Wilson ti Amẹ́ríkà buwọ́ lu àdéhùn Versailles ní 1919, àmọ́ ilé aṣòfin àgbà wọn kọ̀ ọ́. Bí Amẹ́ríkà kò ṣe wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí Wilson fúnra rẹ̀ ń polongo nìyẹn. Nàìjíríà náà buwọ́ lu àdéhùn òwò gbogbo Áfíríkà ní oṣù keje 2019, ó sì di 2020 kí ó tó ratify rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí wúwo tó, ẹ wo ogun Kíríjì.

Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1878, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Wọ́n pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì kọjú síra wọn láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọdún gbọọrọ. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885, ogun kò sì parí.

Ní 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó rán àlùfáà méjì tí wọ́n jẹ́ Yorùbá, Samuel Johnson àti Charles Phillips, láti máa gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín àwọn ọba àti àwọn ológun. Oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n kọ ìwé àdéhùn. Orúkọ Aláàfin wà níbẹ̀, Ọwá Iléṣà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọwọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn, Ajerò Ìjerò àti Olójùdó Ìdó. Ìwé náà ní kí Aláàfin àti Ọwá jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bíi ti àtijọ́. Ó ní kí Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, kí ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ sì máa lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé wà, ìbọn náà ṣì wà. Ó di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, nígbà tí àwọn kọmíṣọ́nà méjì láti Èkó, Henry Higgins àti Oliver Smith, wá sí ojú ogun gan-an, tí àwọn tó di ìbọn mú ní ìhà méjèèjì gbà á níwájú wọn, kí àdéhùn náà tó di òótọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun tú ká. Ohun tí wọ́n ń pè ní ratify nìyẹn, kì í ṣe inú ọ́fíìsì.

Ẹ tún wo àwọn tí wọn kò fara mọ́ ọn. Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà, wọ́n sì ń bá ogun lọ ní Ọ̀fà títí ìlú náà fi ṣubú. Ìwé ní kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tó wà, àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kò kó. Ó di 1893, lábẹ́ Gómìnà Carter, kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀ pátá. Ibi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti gbà ni àlàáfíà ti dúró. Ibi tí wọn kò ti gbà, òfìfo ni ìwé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọba àti gómìnà nìkan ni. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Adó lónìí ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ìbílẹ̀ wa, bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù gbà, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bí wọ́n bá wá fara mọ́ ọn lẹ́yìn náà, wọ́n ti ratify rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ẹbí lásán ló tà á láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí títà rárá. Rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ yín lè mọ́ gaara, owó yín lè ti wọlé, síbẹ̀ kí ilẹ̀ náà má jẹ́ tiyín.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ ratify, bóyá lórí rédíò ni, bóyá nínú ìpàdé ẹbí, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi wọ́n: nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ta ni kò tíì gbà? Ẹni yẹn gan-an ni kí ẹ lọ bá.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó fẹ́ ra ilẹ̀.