Ẹni tí ó kọ́lé àti ẹni tí ó mọ ògiri: ìtàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Nàgó

Bí a bá sọ ní èdè Yorùbá-Nàgó pé ẹnì kan kọ́lé, gbólóhùn náà kò fi ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ hàn. Ẹni tí ó po amọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́lé. Ẹni tí ó sanwó fún oníṣẹ́ náà kọ́lé. Ọ̀rọ̀-ìṣe «mọ», tí a ń lò fún ìkòkò àti fún ògiri, ni ó ń tọ́ka sí ọwọ́ tí ó kan amọ̀ gan-an. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa iṣẹ́ ilé kíkọ́ láti Kétu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ agbo ilé, tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ tí ń gbowó.

Ní àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í dá ilé mọ. A ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa nítòsí, a ó bu omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà. Àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń pọn omi. A ó mọ ìpele kan yí ilé po, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò kò ní wó ìpele tútù, tí iṣẹ́ oko sì fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fi koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bo òrùlé.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń kó ọwọ́ jọ. Nínú àáró, ẹgbẹ́ kékeré ń yí iṣẹ́ ká, ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan, gbèsè tí kò sí ẹni tí ń gbàgbé. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan pe ará, ọ̀rẹ́ àti àna, ó sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. N. A. Fadipe ṣe àlàyé àwọn àṣà wọ̀nyí nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti 1939, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Kò yẹ kí a pọ́n wọn lé ju bí ó ti tọ́ lọ. Ẹni tí kò ní ará púpọ̀, tàbí tí kò lè bọ́ àwọn tí ó pè, kò rí ẹni jẹ́ ìpè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú àti ìwọ̀fà ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ láìsí ẹni tí ó padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kétu fi agbára ètò yìí hàn. Ogun Dàhọ̀mì pa ìlú náà run ní 1886, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ìgbèkùn. Lẹ́yìn tí Faransé wọ Abomey ní 1892, àwọn tí ó kù padà bọ̀ wá tún ilé wọn mọ sórí àwókù.

Ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà mìíràn ti ṣí sílẹ̀. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà dé. Àwọn kan nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ ògiri àti iṣẹ́ igi lóko ẹrú. Wọ́n mú ilé alájà, fèrèsé gbọọrọ àti ọnà ara ògiri wá. Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, jẹ́ ẹ̀rí títí di òní. Ní Èkó, João Baptista da Costa, ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, wà lára àwọn tí ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣe é fi ọ̀wẹ̀ ṣe: ó ń béèrè ìwọ̀n, ohun èlò àti ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà náà ni àgbàṣe ti gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ ilé.

Ìjọba amúnisìn tún ba orúkọ iṣẹ́ àpapọ̀ jẹ́. Ó fi agbára kó àwọn ènìyàn sí iṣẹ́ ọ̀nà, títí a fi fi òfin pa iṣẹ́ àfipáṣe rẹ́ ní 1946. Ẹni tí a ti fipá mú ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní fi ọkàn kan náà gbọ́ ìpè aládùúgbò mọ́.

Páànù àti sìmẹ́ńtì ni ó parí ìyípadà náà. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982 lórí ilẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá. Owó ni a fi ń ra sìmẹ́ńtì. Àáró kò lè mú un wá. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ ìgbòmìnira, ìwé náà ni yóò sì fi han onílé pé òun mọṣẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní àáró, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó mọ ìpele tí a ti dé àti ọjọ́ tí a jẹ ara wọn. Nínú àgbàṣe, iye owó, iye àpò sìmẹ́ńtì àti ọjọ́ ìparí wà lórí ìwé, èdè Faransé ni a sì sábà fi ń kọ ọ́. Onílé tí kò lè kà á gbọ́dọ̀ gba ohun tí oníṣẹ́ bá sọ. Ìwé àdéhùn olójú-ewé kan ní Yorùbá, tí ó lo àwọn orúkọ tí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ń pe ìpìlẹ̀, ìpele, òpó àti òrùlé, jẹ́ ohun tí kíláàsì kan ní Sábẹ̀ tàbí ní Kétu lè kọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí a bá kọ́kọ́ lọ bá àwọn oníṣẹ́ náà níbi iṣẹ́ láti kó àwọn ọ̀rọ̀ wọn jọ.