Nígbà tí Ìjàpá Bọ́ Ìkarahun Rẹ̀ Sílẹ̀: Ìtàn Ọkọ̀ Orí Iyanrìn

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí á máa yẹ̀ wò dáadáa: ọkọ̀. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, ojú omi ni ọkọ̀ wà. Igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí a fi ń la ọ̀sà kọjá, ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, Yorùbá kò wá orúkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fa orúkọ ti omi wá sí orí ilẹ̀: reluwé di ọkọ̀ ojú irin, èyí tí ń fò sì di ọkọ̀ òfurufú. Ìtàn tí a fẹ́ gbọ́ lónìí bá ọ̀rọ̀ yìí mu bí ọmọrí ṣe ń bá igbá mu, nítorí pé ẹni tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ni ó kan ọkọ̀ ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n egungun tí ó fi kan ọkọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Egungun Ìjàpá ni.

Ìjàpá wo? Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rìbìtì ni. Ferdinand Porsche ni ó ya àwòrán rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì láàrin ọdún 1930 sí 1939, nígbà ìjọba Hitler. Lẹ́yìn tí ogun parí ní ọdún 1945, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, ni ó mú kí ilé iṣẹ́ náà ní Wolfsburg tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ti tàn ká ayé. Ní oṣù kejì ọdún 1972, iye rẹ̀ kọjá ti Ford Model T. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní ọdún 2003, gbogbo rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí ọ̀nà Badagry ní ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀. Àwọn ènìyàn wa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó yọ gọngọ, wọ́n wo bí ó ṣe ń rá pálá kiri, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí kò ṣe é jiyàn sí: Ìjàpá.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ inú Ìjàpá wò, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí fìdí mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lórí àwọn táyà tí ń ti ọkọ̀ síwájú. Nígbà tí ẹrù bá wà lórí táyà tí ń ṣiṣẹ́, táyà náà yóò di ilẹ̀ mú, kódà bí ilẹ̀ náà bá rọ̀. Èkejì, atẹ́gùn ni ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì náà tutù. Kò ní rédíétọ̀, kò ní omi tí yóò hó lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ páànù irin pẹlẹbẹ tí ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn kan láàrin. Orí páànù yìí ni ìjókòó, gíà, ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì so mọ́. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ara ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá tú bóòtù wọ̀nyí, a lè gbé ìkarahun Ìjàpá kúrò pátápátá, ìyókù rẹ̀ yóò sì wà láàyè, yóò máa rìn. Ìjàpá inú igbó kò lè ṣe èyí.

Ní ìpínlẹ̀ California, òkìtì iyanrìn ńlá wà létí òkun, pàápàá ní Pismo Beach. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọ̀dọ́ a máa gé ọkọ̀ àtijọ́ kù, wọn a gbé ẹ́ńjìnnì V8 ńlá sí i, wọn a sì máa sá eré lórí iyanrìn. Agbára pọ̀ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì máa ń rì. Àwọn kan wá ṣàkíyèsí pé Ìjàpá tí a bọ́ ìkarahun rẹ̀ kúrò máa ń gun òkìtì tí àwọn alágbára wọ̀nyí kò lè gùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 40 lọ. Ẹni tí kò wúwo kò nílò agbára púpọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀ kò dùn ún wò. Irin ṣánṣán lásán ni.

Ọ̀kan lára àwọn tí ó rí wọn ni Bruce Meyers. Ní Los Angeles ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1926. Ọmọ ogun ojú omi ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó wà nínú ọkọ̀ ogun USS Bunker Hill ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí àwọn awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Japan méjì fi ọkọ̀ wọn kọlù ú nítòsí Okinawa. Nǹkan bí 400 ènìyàn ni ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Meyers yè é. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Chouinard Art Institute, lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń fi fáíbà kan ọkọ̀ ojú omi. Fáíbà yìí ni aṣọ tí a fi fọ́nrán díńgí hun, tí a rẹ sínú oje tí ń lẹ̀ bí àtè. Bí ó bá gbẹ, ó le koko, síbẹ̀ ó fúyẹ́, omi kò sì lè bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí lè tẹ ara ọkọ̀ sí ìrísí tí ó bá wù ú.

Nínú gáráàjì rẹ̀ ní Newport Beach ni Meyers ti parí ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1964. Ó kan án bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ọkọ̀ ojú omi: fáíbà ni ara rẹ̀, fáíbà náà sì ni egungun rẹ̀, pẹ̀lú irin díẹ̀díẹ̀ níbi tí ó yẹ. Ó wá fi ẹ́ńjìnnì àti gíà Ìjàpá sí i. Ó pe ọkọ̀ náà ní Manx, orúkọ ẹ̀yà ológbò kan tí kò ní ìrù, nítorí pé ìdí ọkọ̀ náà kúrú. Pupa ni àkọ́kọ́ yìí, Old Red sì ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ 12 péré ni ó ṣe báyìí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n.

Ó ronú sí i. Kí ni a ń kan egungun tuntun fún nígbà tí Ìjàpá ti ní egungun tirẹ̀? Láti ìgbà náà, ara fáíbà nìkan ni ó ń tà. Olùrà yóò wá Ìjàpá àtijọ́, yóò tú ìkarahun rẹ̀, yóò gé páànù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36, yóò jó o pọ̀ padà, yóò sì gbé ara tuntun lé e lórí. Ẹ má ṣe rò pé gígé yìí rọrùn. Bí wẹ́dà bá jó ọ̀pá ẹ̀yìn náà ní wíwọ́, ọkọ̀ yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ayé rẹ̀. Ọ̀pá gíà, wáyà búrékì àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì náà ni a gbọ́dọ̀ gé kúrú, kí wọ́n lè bá ara wọn mu.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, Meyers àti Ted Mangels wa Old Red láti La Paz lọ sí Tijuana, nínú aṣálẹ̀ Baja ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ìrìn tí ó súnmọ́ máìlì 1,000. Ní ọdún 1962, Dave Ekins ti gun alùpùpù la ibẹ̀ kọjá fún nǹkan bí wákàtí 40. Wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45 ni Old Red lò. Ìròyìn yìí wà lára ohun tí ó bí ìdíje Mexican 1000 ní ìparí ọdún náà gan-an, èyí tí ó padà di Baja 1000. Manx kan tí Vic Wilson àti Ted Mangels wà ni ó gba ipò kìíní níbẹ̀.

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ti wọlé. Agbára Ìjàpá kò tó àwọn kan mọ́. Wọ́n wá ẹ́ńjìnnì kiri, ojú wọn sì mú Chevrolet Corvair, tí ilé iṣẹ́ General Motors ṣe títí di ọdún 1969. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ti Corvair náà wà, atẹ́gùn náà ni ó ń tù ú, sílíńdà mẹ́fà ni ó sì ní dípò mẹ́rin. Bí irú rẹ̀ bá ṣe rí, agbára rẹ̀ wà láàrin agbára ẹṣin 80 sí 180. Ọkọ̀ Manx tí Steve McQueen wà nínú sinimá The Thomas Crown Affair ti ọdún 1968, ẹ́ńjìnnì Corvair ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wo ẹ́ńjìnnì méjèèjì yìí lójú lásán yóò sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ojú kò lè rí: apá kan ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ń yí sí, apá kejì ni ti Corvair ń yí sí. Bí a bá kàn so Corvair mọ́ gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá, ohun ẹ̀rín yóò ṣẹlẹ̀: gíà mẹ́rin ni yóò gbé ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò gbé e lọ síwájú! Báwo ni wọ́n ṣe yanjú rẹ̀? Wọ́n tú gíábọ́ọ̀sì náà, wọ́n mú àgbá eléyín ńlá tí ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, wọ́n sì gbé e láti apá kan sí apá kejì. Nígbà náà ni ìyípo òdì wá di ìlọsíwájú. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ gẹ́ irin pẹlẹbẹ kan sáàrin ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì kí ojú ihò bóòtù wọn lè ṣe déédéé, kí wọ́n sì rántí pé Corvair wúwo ju ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lọ. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, iwájú yóò fúyẹ́, sítíárì kò sì ní gbọ́ràn.

Mo fi ara balẹ̀ sọ èyí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Meyers ní ilé ẹjọ́. Nígbà tí Manx lókìkí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara ọkọ̀ kan, wọn a tẹ àwòṣe rẹ̀, wọn a sì máa ṣe irú rẹ̀ tà ní owó pọ́ọ́kú. Meyers pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní òun ni ó pilẹ̀ iṣẹ́ náà. Ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kì í ṣe ohun tí òfin lè fi lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fojú bù ú pé àfarawé rẹ̀ lé ní 250,000, nígbà tí ti Meyers fúnra rẹ̀ kò ju 6,000 sí 7,000 lọ. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 1971.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: kí ni Meyers ṣe gan-an? Ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti àwọn ará Jámánì. Fáíbà jẹ́ ti àwọn akanlé-omi. Àwọn ọ̀dọ́ orí iyanrìn ti ń gé Ìjàpá kúrú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí a bá kó ohun oníkálukú padà fún un, kí ni yóò kù? Ìdáhùn tèmi ni pé ìsopọ̀ ni yóò kù, ìsopọ̀ kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ẹ rántí ẹ́ńjìnnì méjì tí ń yí sí òdì ara wọn. Ohun gbogbo tí ọkọ̀ náà nílò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni ì bá máa lọ, títí ẹnì kan fi mọ ibi tí yóò yí àgbá eléyín náà sí. Nínú àlọ́ tiwa pàápàá, ẹ̀yìn Ìjàpá fọ́ yángá, ẹni tí ó to àfọ́kù rẹ̀ pọ̀ ni ó fún un ní ẹwà tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Òfin kọ ẹ̀tọ́ Meyers, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ dá a padà. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ Historic Vehicle Association kọ Old Red sínú ìwé àwọn ọkọ̀ mánigbàgbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kejì ni tí wọ́n kọ síbẹ̀. Meyers rí i kí ó tó jáde láyé ní oṣù kejì ọdún 2021, ní ẹni ọdún 94. Ní ọdún 2022, àwọn tí ó ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fi Manx tí ń lo iná mànàmáná hàn. A tún pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2014 kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú Ìjàpá kan, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ṣùgbọ́n mélòó ni àwọn mọkálíìkì wa tí ń gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sínú ọkọ̀ tí a kò ṣe é fún, tí wọ́n ń gẹ́ irin, tí wọ́n ń yí wáyà padà, tí ọkọ̀ sì ń lọ síwájú? A kò kọ orúkọ wọn síbì kan. A kò kọ ọdún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ gbé ìwé àti kálámù lọ sí ìsọ̀ mọkálíìkì. Ẹ béèrè orúkọ ohun gbogbo, ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ̀gá náà níṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọdún sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ bí a kò bá kọ orúkọ ọlọ́gbọ́n sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò fi ọgbọ́n náà ṣe tirẹ̀.