Dùùrù Oníná Láàrin Àwọn Akọrin

Dùùrù onífèrè, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fọn, kò rọrùn láti tọ́jú ní Maiduguri. Ọyẹ́ ilẹ̀ Borno a máa la igi, a sì máa gan awọ. Owó rẹ̀ pẹ̀lú ju agbára ọ̀pọ̀ ìjọ lọ. Nítorí náà ni dùùrù oníná mànàmáná fi yẹ ẹgbẹ́ akọrin Yorùbá tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ń bẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ̀bi: bí ẹ̀rọ bá pariwo ju ènìyàn lọ, ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin?

Fún Yorùbá, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti adùn nìkan. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Èkó láti 1914, fi yé ni nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music (1953), pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Bí orin bá rọlẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọkọ́ àgbẹ̀ a di ọkọ̀ ojú omi. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Abẹ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti kọrin ní ọmọdé. Nígbà tí ó dé London ní àwọn ọdún 1930, dùùrù tí Laurens Hammond, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1935 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀. Kò ní fèrè kankan. Mọ́tò ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké 91 níwájú òòfà, tí ohùn fi ń gba inú gbohùngbohùn jáde. Atẹdùùrù lè fa ọ̀pá kéékèèké kí ohùn ki tàbí kí ó tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń mú un ròkè tàbí rọlẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ yìí ni èsì ìbẹ̀rù náà wà. Ṣówándé tẹ̀ ẹ́ fún Adelaide Hall, gbajúmọ̀ akọrin obìnrin, nínú àwo Decca. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ní 1939, Kenneth Morris mú un bá ẹgbẹ́ akọrin First Church of Deliverance rìn ní Chicago. Láti 1945 sí 1952, Ṣówándé ń darí akọrin àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall, London, lórí dùùrù onífèrè. Ọwọ́ kan náà mọ méjèèjì.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn agbébọn wó òpó iná tí ó ń bọ̀ sí Maiduguri, ìlú sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lákòókò náà, ẹni tí yóò tẹ dùùrù oníná fún akọrin ní láti kọ́kọ́ wá epo fún ẹ̀rọ amúnáwá.