Ẹ Tọ́jú Rẹ̀ Ni, Àbí Ẹ Tà Á?
Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹṣin tẹ́ ẹ fowó ńlá rà bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ ó tọ́jú rẹ̀ ni, àbí ẹ ó tà á?

Ìbéèrè yìí ló bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter ti Ítálì ní 1996. Kanu Nwankwo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta ni dókítà rí àléébù nínú ọkàn rẹ̀. Inter ò lé e. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà. Ó padà sórí pápá ní 1997.

Ìgbà tára rẹ̀ yá tán ni wọ́n tó tà á fún Arsenal, ní 1999. Lọ́dún náà ló ju góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Chelsea.

Ṣé Inter pàdánù? Lójú ọjà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe ẹṣin.